Ìlú Inú Táyà

"Rúlà, ṣé ó dá ọ lójú pé ẹ̀yìn rìmù ni àwọn ilé yìí máa wà?"

Ọmọkùnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí fi ìka méjì di ilé páálí kékeré kan mú, gúlúù ń kán tó, tó, tó nídìí ilé náà. Kò sí ìka rẹ̀ tí gúlúù kò gbẹ sí, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé-ìwé fi ń pè é ní Gúlúù. Ọmọbìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè. Rúlà ni wọ́n ń pe tirẹ̀, nítorí kò sí ibi tó ń lọ tí rúlà onígi gígùn kan kì í yọ orí nínú báàgì rẹ̀. Àwọn aláwàdà kíláàsì wọn ní rúlà yẹn ló fi ń rọrí bó bá ń sùn.

"Kí lo rí nínú àwòrán?" Rúlà bi í.

"Ẹ̀yìn rìmù ni."

"Ṣé o ti wá rí i? Tẹ̀ lé àwòrán, jàre."

Gúlúù tẹ̀ lé àwòrán. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nínú ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì wọn nìyẹn: ẹni tó yàwòrán ló ni ọ̀rọ̀, ẹni tó ń kọ́ ọ kì í bá a jiyàn. Òfin náà kò ṣàdédé wáyé. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fẹ́ fi igi ìṣáná kọ́ afárá, kálukú ń ṣe ohun tó tọ́ lójú ara rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì parí, apá ọ̀tún afárá àti apá òsì kò bá ara wọn pàdé láàárín. Láti ọjọ́ náà ni tíṣà físíìsì ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri yàrá iṣẹ́-ọwọ́ pé ohun tó wà nínú àwòrán ni kí wọ́n máa kọ́.

Ìdíje tí wọ́n ń múra sí lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti afárá. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ya àwòrán ìlú tí ènìyàn lè máa gbé nínú òfuurufú lọ́hùn-ún, níbi tí kò sí ilẹ̀, tí kò sí afẹ́fẹ́, tí kò sì sí ohunkóhun tó ń fa ènìyàn mọ́lẹ̀. Kí wọ́n sọ ibi tí omi yóò ti máa wá, ibi tí oúnjẹ yóò ti máa hù, ibi tí àwọn ọmọdé yóò ti máa ṣeré. Kí wọ́n sì fi páálí kọ́ ìlú náà ní kékeré, kí ojú àwọn adájọ́ lè tó o. Ìlú tí Rúlà yà rí bí táyà ọkọ̀ ńlá tó ń yí láìdúró. Yíyí yẹn ni yóò máa tẹ ẹsẹ̀ àwọn ará ìlú mọ́lẹ̀, kí wọ́n má baà máa léfòó kiri bí ewé lójú omi. Rìmù kẹ̀kẹ́ àlòkù kan ni Gúlúù fi ṣe táyà náà, ó sì ń lẹ ilé mọ́ ọn lẹ́yìn yípo.

Olùkọ́ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, kò sì gbọdọ̀ sọ pé èyí dára tàbí èyí kò dára. Tíṣà físíìsì bẹ̀rù òfin yìí débi pé bó bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́-ọwọ́, ńṣe ló máa ń yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì bí ẹni tó bá àna rẹ̀ níbi ìwẹ̀. Bí nǹkan bá wọ́, àwọn ọmọ náà ni yóò rí i fúnra wọn.

Ilé-ìwé tó bá gbégbá orókè yóò gba ife ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ife ni Rúlà ń wò. Wọ́n ti kéde pé ọmọ tí àwòrán rẹ̀ bá wu àwọn adájọ́ jù lọ yóò lo gbogbo ìsinmi gígùn ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ya àwòrán ilé gidi, tí wọ́n á fún un ní tábìlì tirẹ̀, tí wọ́n á sì máa kọ́ ọ níṣẹ́. Láti kékeré, nígbà tó ń fi ṣọ́ọ̀kì ya yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé búrẹ́dì màmá rẹ̀, kò sí ohun mìíràn tó wu ọmọ yìí láyé ju kó di ayàwòrán ilé lọ. Àyè kan ṣoṣo ló wà. Rúlà fẹ́ ẹ débi pé oúnjẹ kì í wọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun mọ́ bó bá ti ronú kàn án.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ Ẹtì, tí ìdíje ku ọ̀la, Rúlà ń ran màmá rẹ̀ lọ́wọ́ kó tó lọ sílé-ìwé. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ ti wà nínú ààrò. Awakọ̀ takisí kan tó máa ń wá ra tirẹ̀ lówùúrọ̀ fara ti ògiri, ó ń dúró de ohun tó gbóná.

"Ọ̀gá awakọ̀," ni màmá Rúlà wí, "ṣé mo ti sọ fún yín pé ọmọ mi ń kọ́lé sínú òfuurufú?"

"Ẹ sọ ọ́ lánàá, Màmá. Ẹ sọ ọ́ níjẹta náà."

"Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, jàre! Ẹnu mi ni."

"Ta ló tilẹ̀ fẹ́ lọ gbé ibẹ̀?"

"Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ariwo aládùúgbò mọ́ ni. Èmi gan-an ti ní kó ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún mi."

Rúlà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi àkísà tútù nu ẹ̀yìn abọ́ ńlá tí ẹ̀rọ fi ń po ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun tó ti gbẹ sára abọ́ náà mú àkísà dání, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Rúlà fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ bu omi. Màmá rẹ̀ kò mọ̀, ó tan ẹ̀rọ. Abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àkísà bá a yí lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó fò kúrò lẹ́yìn abọ́, ó di ojú awakọ̀ takisí, pàì!

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Awakọ̀ ń nu ojú, ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ti ń fi ìwẹ̀ kún búrẹ́dì fún oníbàárà. Rúlà náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó wá sún mọ́ abọ́ láti wo inú rẹ̀ ni ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyẹ̀fun pípò wà nínú abọ́, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ara ògiri rẹ̀ bó ṣe ń yí, kò já bọ́.

Ohun tó wà nínú lẹ̀ mọ́ abọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn fò lọ.

 Rúlà fojú inú rí ìlú rẹ̀, gbogbo ilé tó tò sẹ́yìn táyà, ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, ibi ìṣeré ọmọdé, tí wọ́n ń fò lọ sínú òfuurufú lọ́kọ̀ọ̀kan bí àkísà, tàwọn tàwọn ará ìlú tó wà nínú wọn. Inú táyà ló yẹ kí ilé wà, kí ẹsẹ̀ ènìyàn tẹ ara rìmù, kí orí wọn kọjú sí àárín. Bí ilé ṣe ń dúró lórí ilẹ̀ ayé ni òun ṣe yà á. Ó gbàgbé pé kò sí ilẹ̀ ayé lábẹ́ àwọn wọ̀nyí tó máa fà wọ́n mọ́ra.

"Mo gbé o!" ni Rúlà wí.

"Kí lo gbé?" màmá rẹ̀ béèrè láti ìdí ààrò. "Bí kò bá jẹ́ tìẹ, gbé e sílẹ̀."

"Kò sí nǹkan, Màámi."

Nígbà tí ilé-ìwé parí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Rúlà ti pinnu pé òun yóò sọ ọ́. Ó ń sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ bó ṣe ń rìn lọ sí yàrá iṣẹ́-ọwọ́: ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì í yà. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe ṣílẹ̀kùn, òkùnkùn ló bá. Wọ́n ti fi aṣọ bo fèrèsé.

"Dúró síbẹ̀!" Agbẹnusọ pariwo. Agbẹnusọ ni ẹnìkẹta wọn, ọmọkùnrin tó lè bá ògiri sọ̀rọ̀ kí ògiri dá a lóhùn. Òun ni yóò ṣàlàyé ìlú náà fún àwọn adájọ́. "Gúlúù, tàn án!"

Gúlúù tẹ nǹkan kan, ìlú kékeré náà sì tàn yòò. Ó ti fi gílóòbù kéékèèké sínú àwọn ilé páálí náà, ó fi wáyà tín-ín-rín so wọ́n pọ̀ yí rìmù ká. Gbogbo fèrèsé ló ń tan ìmọ́lẹ̀. Ó dára ju ohun tí Rúlà yà lọ.

"Ìyá àgbà kan ló ń gbé inú eléyìí," ni Gúlúù wí, ó na ìka sí ilé kan. Ojú ń tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, kò lè pa á mọ́ra. "Kì í tètè sùn. Ó máa ń jókòó sójú fèrèsé, á máa wo àwọn ìràwọ̀."

Rúlà sún mọ́ tábìlì. "Gúlúù," ó ní, "ká ní ẹnì kan sọ pé ká yí gbogbo ilé yìí sí inú rìmù, ṣé ó ṣeé ṣe?"

"Lónìí?" Gúlúù ro ó wò. "Bí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jókòó tì í, a lè parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Etí páálí á ya díẹ̀, àmọ́ màá fi kun bò ó. Kí ló dé? Ṣé nǹkan ti wọ́ ni?"

Ó ṣeé ṣe. Ohun tó yẹ kó dùn mọ́ Rúlà nínú nìyẹn, ṣùgbọ́n ó wo ojú Agbẹnusọ, ó sì ti ń gbọ́ bí yóò ṣe máa ròyìn rẹ̀ kiri pé ayàwòrán wọn ò mọ inú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Ó wò ó pé bí àwọn adájọ́ bá rí ìlú tí etí rẹ̀ ti ya, ta ni yóò fún ẹni tó yà á ní tábìlì lọ́fíìsì? Ọkàn kan ní kó sọ ọ́. Ọkàn kejì ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ọkàn kejì yìí ló sì gbọ́ràn sí lẹ́nu.

"Kò sí nǹkan tó wọ́," ó ní. "Mo kàn béèrè ni."

Ó bọ́ àwòrán ńlá náà lára ògiri, ó ká a, ó ní òun ń mú un relé láti fi kun tó kù sí i. Nígbà tó délé, kò kun ohunkóhun. Ó tẹ́ bébà tuntun, ó tún ìlú náà yà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì to gbogbo ilé sí inú táyà bó ṣe yẹ. Ọwọ́ rẹ̀ yá, àwòrán náà sì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé àwòrán ni àwọn adájọ́ máa wò, wọn ò ní fojú sí páálí. Àwòrán àtijọ́ ńkọ́? Ó sọ ọ́ sínú iná ààrò màmá rẹ̀, ó jó ráúráú kí búrẹ́dì ìrọ̀lẹ́ tó pọ́n.

Gbọ̀ngàn ìdíje kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn ìlú òfuurufú tò lọ rẹrẹ lórí tábìlì, òmíràn rí bí ìgò, òmíràn rí bí agboòrùn, ọ̀kan tilẹ̀ rí bí kẹ́tùlù, àwọn tó ṣe é sì búra pé wọn ò ronú kan tíì rárá. Àwọn òbí jókòó sẹ́yìn. Rúlà fi àwòrán tuntun kọ́ ara pákó lẹ́yìn tábìlì wọn. Gúlúù gbé rìmù kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbé ojú sókè, ó rí àwòrán náà. Ó wò ó pẹ́. Ó wo ìlú tó kọ́, ó tún wo àwòrán.

"Rúlà, àwòrán yìí kọ́ ni..."

"Àwọn adájọ́ ti ń bọ̀," ni Rúlà wí, kò wo ojú rẹ̀.

Obìnrin ẹnjiníà kan ló ṣáájú àwọn adájọ́. Kì í pariwo, kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀, jígí rẹ̀ sì wà lórí imú. Agbẹnusọ bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, ó ń rò ó lọ wótówótó bí ẹni ń ta oògùn. Ẹnjiníà gbọ́ ọ tán, ó fi ìka kan ti rìmù, rìmù bẹ̀rẹ̀ sí í yí pẹ̀lú iná tó ń tàn nínú ilé rẹ̀.

"Ìlú yín ń yí, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kì í dúró."

"Bó ṣe ń yí yìí, kí ló máa di àwọn ilé yìí mú tí wọn ò ní fò lọ?"

Agbẹnusọ lanu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀.

Ẹnjiníà gbé ojú sókè sí àwòrán. "Nínú àwòrán, inú ni ilé wà, bó ṣe yẹ kó rí gan-an. Àwòrán tó dára ni. Lórí tábìlì, ẹ̀yìn ni wọ́n wà. Èwo nínú méjèèjì ni tiyín?"

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Rúlà mọ̀ ọ́n. Bó bá ní òun ni òun kọ́kọ́ yà á bẹ́ẹ̀, àyè ọ́fíìsì lọ nìyẹn.

"Àwòrán ni tiwa, mà," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, èyí sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "Ẹni tó kọ́ ọ ló ṣì í lẹ̀."

Ẹnjiníà yíjú sí Gúlúù. "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

 Rúlà ni Gúlúù ń wò, ó ń wò ó bí ẹni tó dúró sí ibùdókọ̀, tó mọ̀ pé ọkọ̀ òun ń bọ̀, pé ó kàn pẹ́ ni. Nígbà tí ọkọ̀ náà kò dé, ó sorí kọ́.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní.

Wọn kò gba ife. Ipò wọn kò tilẹ̀ ṣeé fẹnu sọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ parí ètò náà, ẹnjiníà bọ́ sórí pèpéle, ó ní ọmọbìnrin tó ya ìlú tó rí bí táyà ni àwòrán rẹ̀ wu àwọn jù lọ, òun ni yóò sì wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ àwọn. Màmá Rúlà fò sókè nídìí àga, ó ké débi pé gèlè rẹ̀ ṣí bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í.

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wọn padà, inú ń bí Agbẹnusọ, kò sì sí ẹni tó máa kanra mọ́ àyàfi ẹnì kan. "Ẹni tó lẹ ilé mọ́ ẹ̀yìn táyà," ó ní, "kí gbogbo ará ìlú lè máa já bọ́. Jábọ́! Orúkọ rẹ nìyẹn láti òní lọ. Jábọ́!" Gbogbo bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Gúlúù ń wo ìta lójú fèrèsé. Rúlà jókòó síwájú, ó di rúlà mú lórí itan, kò bá wọn rẹ́rìn-ín, kò sì sọ̀rọ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Kí ilé-ìwé tó jáde lọ́jọ́ Ajé, kò sí kíláàsì tí orúkọ náà kò dé. Bí Gúlúù bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹnì kan á ní, "Jábọ́, rọra o, di nǹkan mú!" Bó bá jókòó, wọ́n á béèrè bóyá ó jókòó sí iwájú àga ni tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnì kan fi ṣọ́ọ̀kì ya ilé kan sórí tábìlì rẹ̀, ènìyàn ń ti fèrèsé rẹ̀ já bọ́ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Gúlúù fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kúrò. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún ti yà á.

Rúlà ń rí gbogbo rẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni, pé yóò tán. Ní ọjọ́rú, ó lọ sí yàrá iṣẹ́-ọwọ́, ó bá tíṣà físíìsì tó dúró ti kọ́bọ́ọ̀dù, tó mú ọ̀bẹ kékeré kan àti ike gúlúù dání bí ẹni tí kò mọ ibi tó máa kó wọn sí.

"Ọ̀rẹ́ rẹ ló kó wọn wá fún mi," ni tíṣà wí. "Ó ní òun ò ṣe mọ́. Ó ní kí òun má baà tún ba iṣẹ́ ẹlòmíì jẹ́." Ó mi orí. "Ọmọ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ dára ju ọwọ́ tèmi lọ."

Rúlà rí Gúlúù nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń bu omi sínú ìgò rẹ̀. Ìka rẹ̀ mọ́ tónítóní. Rúlà kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí.

"Kí ló dé tí o ò fi sọ ọ́ lọ́jọ́ náà?" Rúlà béèrè. Ó jọ pé ńṣe ló ń bá a wí. "O mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ yà á síbẹ̀. O tilẹ̀ bi mí. Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo ń dúró dè ọ́ ni," ni Gúlúù wí. Ó dé ìgò rẹ̀. "Mo rò pé ìwọ ni wàá sọ ọ́. Títí a fi wọ bọ́ọ̀sì, mo ṣì ń rò ó."

"Gúlúù, jọ̀ọ́..."

"Wọn ò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́," ó ní, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ní àsẹ́ńbìlì, ọ̀gá ilé-ìwé pe Rúlà jáde síwájú gbogbo ènìyàn. Ó yìn ín dáadáa, ó ní kí àwọn yòókù wo àwòkọ́ṣe rẹ̀, ó ní kí ó bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń ṣe é tí iṣẹ́ rẹ̀ fi ń dára. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Rúlà gba makirofóònù.  Ó wá Gúlúù lójú láàárín èrò, ó rí i ní ìlà ẹ̀yìn pátápátá, ilẹ̀ ló ń wò.

"Iṣẹ́ mi kò dára," ni Rúlà wí. "Èmi ni mo ya àwọn ilé sí ẹ̀yìn táyà. Gúlúù bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo ní kó tẹ̀ lé àwòrán. Ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo wá mọ̀ pé mo ṣì í, a ṣì lè tún un ṣe, àmọ́ mo lọ tún àwòrán tèmi nìkan yà sílé, mo sun ti àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n bi wá, mo parọ́ mọ́ ọn." Ó mí kanlẹ̀. "Bí Jábọ́ bá wà nílé-ìwé yìí, èmi ni. Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́."

 Ariwo sọ bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìdérí ìkòkò tó ń hó. Ọ̀gá ilé-ìwé gba makirofóònù padà. Gúlúù ti gbé ojú sókè, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín, kò sì mi orí. Ó kàn ń wò ó.

Tíṣà físíìsì ló fún Rúlà ní fóònù láti pe ẹnjiníà. Obìnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá sí i.

"O ṣeun tí o sọ ọ́," ó ní nígbà tó yá. "Ta ló sọ pé ènìyàn kì í ṣàṣìṣe níṣẹ́ yìí? Èmi náà ti ya ilé tí kò ní ẹnu ọ̀nà rí. Ká ní o sọ fún wa nídìí tábìlì yẹn pé àìmọ̀ rẹ ni, àti bí o ṣe mọ̀ ọ́n, máàkì ni ǹ bá fún ọ. Àmọ́ ènìyàn ló ń gbé inú ilé tí à ń yà. Ẹni tó bá rí i pé ilé máa wó, tó wá lọ tún bébà tirẹ̀ nìkan ṣe, mi ò lè gbà á sọ́dọ̀ lọ́dún yìí. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, mà."

"Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, tún wá."

Rúlà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tó sọ ọ́ fún màmá rẹ̀, ìyá náà jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun.

"Ìwọ ọmọ yìí!" ó ní. "Gbogbo oníbàárà ni mo ti sọ fún! Ta ni mi ò sọ fún? Mo sọ fún ẹni tó ń gbé omi wá, mo sọ fún ẹni tó ṣi fóònù pè!" Ó fi ọwọ́ nu ojú, ìyẹ̀fun kun ún ní gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ó dáa. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹnu mi ni mo fi gbé e kiri, ẹnu tìrẹ ni wàá fi gbà á padà. Lọ́la, ìwọ lo máa dúró ta búrẹ́dì. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, wàá dá a lóhùn."

Wọ́n béèrè o. Awakọ̀ takisí ló kọ́kọ́ dé. "Ayàwòrán ọ̀run, ìgbà wo lò ń lọ?" "Mi ò lọ mọ́, ẹ̀gbọ́n. Mo parọ́ mọ́ ọ̀rẹ́ mi, wọ́n sì gba àyè náà lọ́wọ́ mi." Awakọ̀ gba búrẹ́dì rẹ̀, ó wo ọmọ náà, ó ní, "Hẹn," ó sì lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́ fún olùtọ́jú aláìsàn, fún aránṣọ, fún bàbá àgbà tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, èyí tó mú kó ké e sókè kí gbogbo àdúgbò gbọ́. Kò rọrùn rárá. Ṣùgbọ́n kí búrẹ́dì tó tán, Rúlà ṣàkíyèsí pé oúnjẹ ti ń wọ òun lọ́nà ọ̀fun.

Nílé-ìwé, orúkọ náà kò kú, ó kàn ṣí kúrò ni. Rúlà ni wọ́n wá ń pè ní Jábọ́, Agbẹnusọ ló sì ń pè é jù. Ó ń dáhùn. Ní ti Gúlúù, kò padà sí yàrá iṣẹ́-ọwọ́ lọ́sẹ̀ náà, kò padà lóṣù náà. Bí wọ́n bá pàdé, á kí i, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òtítọ́ kì í ṣe idán. Ọ̀rẹ́ tó bàjẹ́ kì í tún ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Sáà tuntun ti wọlé dáadáa kí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́-ọwọ́ tó ṣí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Gúlúù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́rùn. Rúlà nìkan ló wà níbẹ̀, ó tẹ́ àwòrán kan sórí tábìlì. Ilé gbígbé fún àwọn tó bá lọ síbi tí ilẹ̀ ti di yìnyín ni ìdíje tuntun.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ni Gúlúù béèrè, ó na àgbọ̀n sí àwòrán náà.

"Kò dá mi lójú," ni Rúlà wí. "Wá jókòó, ká jọ wò ó."

Gúlúù ro ó díẹ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè, ó ń béèrè lọ, Rúlà ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tí kò bá mọ̀, ó ń sọ pé òun kò mọ̀. Tíṣà físíìsì kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kàwé yìí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣàṣìṣe; àṣìṣe kì í ṣe ohun ìtìjú. Ohun ìtìjú ni kí ènìyàn rí àṣìṣe ara rẹ̀, kó sì dì í ru ẹlòmíràn. Àyè tó bọ́ lọ́wọ́ Rúlà lè tún yọ lọ́dún mìíràn. Ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀rẹ́ tí a bà jẹ́, ẹnu tó bà á jẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ tún un ṣe, ní gbangba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó wu onítọ̀hún jù lọ ni yóò bá a lọ.